Látúndé Ọdẹ́kù, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ
Bí ojú bá rí nǹkan, ẹ̀yìn ọpọlọ ló kọ́kọ́ mọ̀ kí iwájú tó dá sí i. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ àti àsìkò tirẹ̀. Ẹni tí yóò fi abẹ kàn wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó.

Látúndé Ọdẹ́kù, tí wọ́n bí ní Awẹ́ ní 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó kọ́ ọ ní Michigan, ó sì dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní UCH, Ìbàdàn, ní 1962. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jábọ́ lórí ọ̀pẹ l'Ọ̀tan Ayégbajú, tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lágbárí, ní ibi tí wọ́n lè sáré gbé e lọ.

Ọdẹ́kù kú ní 1974, lẹ́ni ọdún 47. Ọdún 12 péré ló lò nídìí iṣẹ́ náà n'Ìbàdàn.