Theodor Engelmann, Ẹni Tí Ó Fi Kòkòrò Àìfojúrí Wádìí Ìmọ́lẹ̀

Nínú àwọn ènìyàn ńlá tí a máa ń ka ìtàn wọn, àwọn ọba àti àwọn jagunjagun ni wọ́n pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni mọ ìtàn àwọn tí wọ́n jókòó ti iṣẹ́ wọn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tí wọ́n sì fi sùúrù wádìí ohun alààyè títí àṣírí rẹ̀ fi tú. Ọ̀kan nínú irú wọn ni Theodor Wilhelm Engelmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Nígbàkígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ nípa bí ẹ̀dá kéékèèké ṣe ń kórè ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ipasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1843 ni a bí i ní ìlú Leipzig, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tẹ ìwé tí ó sì ń tà á. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ní Jena, Heidelberg, Göttingen àti Leipzig. Ní 1867 ó lọ sí Utrecht ní ilẹ̀ Hólándì láti ṣe olùrànlọ́wọ́ fún Franciscus Donders, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìmọ̀ rẹ̀ nípa ojú. Ó fẹ́ ọmọbìnrin ọ̀gá rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ikú fi mú aya náà lọ. Ní 1874 ó fẹ́ Emma Brandes, obìnrin tí ó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Engelmann fúnra rẹ̀ a máa ta sẹ́lò, èyí tí í ṣe gòjé ńlá tí a ń gbé sí àárín orúnkún méjèèjì. Johannes Brahms, ògbóǹtarìgì nínú àwọn tí ń ṣe orin, jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé wọn, ó sì fi orúkọ Engelmann sí orí ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1876, láti fi bu ọlá fún un.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí ni ìwádìí rẹ̀ nípa iṣan àti nípa bí ọkàn ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ ni a fẹ́ dúró lé lórí níhìn-ín.

Láti 1779 ni Jan Ingenhousz ti fi hàn pé ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kan ewé tútù ni ewé náà ń tú afẹ́fẹ́ dáradára jáde, èyí tí a ń pè ní ọ́síjìn. Ohun tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí ni èwo nínú àwọn àwọ̀ tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà jù. John William Draper ní Amẹ́ríkà ti sọ ní 1844 pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ní àwọ̀ ìyeyè ni, àwọn àgbà onímọ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ta ni yóò wá wọn ọ́síjìn tí ẹyọ ewéko omi kan, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju fọ́nrán irun lọ, ń tú jáde? Kò sí òṣùwọ̀n tí ó lè ṣe é nígbà náà.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n Engelmann ti hàn. Ó mọ̀ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ọ́síjìn, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sáré lọ sí ibi tí ó bá wà, bí eèrùn ti ń wọ́ tọ ṣúgà. Ó fi wọ́n sínú ẹ̀kán omi kan pẹ̀lú ewéko náà lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí a ti pín sí àwọ̀ òṣùmàrè tàn sórí ewéko náà, kí pupa lè wà ní apá kan, kí ìyeyè, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró sì tẹ̀ lé e. Ní 1882 ó kéde ohun tí ó rí: ibi tí ìmọ́lẹ̀ pupa wà àti ibi tí ti aró wà ni àwọn kòkòrò náà pé jọ sí jù. Ibi méjèèjì yìí gan-an ni àwọ̀ ewé inú ewéko náà ti ń gba ìmọ́lẹ̀ mì jù. Báyìí ni ó ṣe hàn gbangba pé ìmọ́lẹ̀ tí a kò gbà wọlé kò lè ṣiṣẹ́.

Ní 1883 ó tẹ ìwé jáde nípa irú kòkòrò mìíràn tí àwọ̀ tirẹ̀ dà bí elésè àlùkò. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá ń wẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ara wọn a balẹ̀; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kan òkùnkùn, wọn a ta padà sẹ́yìn bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Nítorí náà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé dà bí pańpẹ́ fún wọn: wọn a wọlé, wọn kì í sì í lè jáde. Nígbà tí Engelmann tan òṣùmàrè sí wọn, díẹ̀ nínú wọn wà ní ibi àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ kó ara jọ sí ìkọjá pupa, níbi tí ojú ènìyàn kò ti rí ohunkóhun, níbi tí ooru nìkan ti ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ìtànṣán wà. Ní 1888 ó sọ pé àwọn ẹ̀dá yìí pẹ̀lú ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewéko.

Ó tọ̀nà nínú èyí, ṣùgbọ́n ó rò pé wọ́n ń tú ọ́síjìn jáde pẹ̀lú. Hans Molisch wá a ní 1907, kò rí i. Ní ọdún 1931 ni Cornelis van Niel, ọmọ Hólándì tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wá ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í ya omi sọ́tọ̀ bí ewéko, pé nínú àwọn nǹkan mìíràn, bí afẹ́fẹ́ tí ń rùn bí ẹyin jíjẹrà, ni wọ́n ti ń mú ohun tí wọ́n nílò. Àgbà kì í ní gbogbo ọgbọ́n tán. Síbẹ̀ àṣìṣe yìí kò ba ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà jẹ́.

Ní Utrecht kan náà, ní 1952, ni Louis Duysens fi hàn pé nínú àwọn kòkòrò elésè àlùkò, agbára tí aró kan bá gbà nínú ìmọ́lẹ̀ a máa ṣí lọ sọ́dọ̀ aró mìíràn. Nígbà tí ó sì di 1995, àwọn onímọ̀ ní Glasgow rí bí a ti to ohun ìkórè ìmọ́lẹ̀ náà nínú irú kan. Ẹyọ aró 27 ni ó wà nínú rẹ̀: 9 to ara wọn bí òrùka kan, 18 sì to ara wọn bí òrùka kejì. Àwọn 9 ń gba ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 800 nanomítà, àwọn 18 ń gba ti 850. Bí ìgbì bá ti gùn sí i ni agbára rẹ̀ ń kéré sí i; nítorí náà agbára náà ń ṣàn láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí omi. Láti òrùka kìíní dé èkejì, kò gbà ju bí ìdá kan nínú 1,000,000,000,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí òrùka ńlá tí ó yí ibi iṣẹ́ ká, ó sì wọ ibi iṣẹ́ náà, níbi tí a ti ń sọ ọ́ di agbára tí ara lè lò. Kò sí aró kan tí ó ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Bí àwọn ọ̀mọ̀lé ti ń ju bíríkì sí ara wọn lọ́wọ́ ni. Eré yìí kì í ṣe lásán, nítorí bí agbára náà bá pẹ́ lójú ọ̀nà, yóò ṣòfò.

Engelmann gba ipò Donders ní 1888. Ní 1897 ó lọ sí Berlin láti gba ipò Emil du Bois-Reymond. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1908, ó sì kú ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1909, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa àwọn òrùka wọ̀nyí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ọ̀gbẹ́ni yìí kò dúró de òṣùwọ̀n tí kò sí. Ohun alààyè tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó sọ di òṣùwọ̀n. Bí a bá dé ilé-ìwé abúlé tí kò ní ohun èlò, ẹ jẹ́ kí a rántí rẹ̀. Ewé, omi àti oòrùn kò wọ́n wa. Ohun tí ó kù ni kí a kọ́ àwọn ọmọ láti wò ó dáadáa, kí a sì gbà tọkàntọkàn nígbà tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá tún iṣẹ́ wa ṣe.