Dókítà Mayo àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ní ọdún 1819, wọ́n bí William Mayo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ó ti di dókítà. Ó fẹ́ Louise, wọ́n sì bímọ. Will àti Charlie wà lára àwọn ọmọ wọn.

Wọ́n ń gbé ní Rochester, ìlú kékeré kan. Kò sí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, dókítà ni ó máa ń lọ bá a nílé. Will àti Charlie máa ń bá bàbá wọn lọ. Wọ́n ń wò ó bí ó ṣe ń di egbò. Wọ́n ń bá a mú irinṣẹ́.

Dókítà Mayo fẹ́ ra awò tuntun kan tí ó ń mú kí ohun kékeré tóbi lójú. Awò náà wọ́n púpọ̀. Ó fi ilé rẹ̀ dógò kí ó lè rà á. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà kọ́ bí a ṣe ń lò ó.

Will di dókítà ní ọdún 1883. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjì líle jà ní Rochester. Ó wó ilé, ó pa ènìyàn, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Kò sí ilé ìwòsàn tí wọn yóò gbé wọn lọ. Gbọ̀ngàn ijó ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Bàbá àti ọmọ jọ tọ́jú wọn.

Àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì kan fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn. Dókítà Mayo rò pé ìlú náà kéré jù. Àwọn obìnrin náà kò jáwọ́. Wọ́n tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ. Ó ṣí ní ọdún 1889. Charlie náà ti di dókítà nígbà náà.

Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ níbẹ̀, Charlie ni ó mú ọ̀bẹ. Will ràn án lọ́wọ́. Bàbá wọn ti di ẹni 70 ọdún. Òun ni ó fún aláìsàn ní oògùn tí ó mú un sùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ni ó ń ran bàbá lọ́wọ́. Ní ọjọ́ náà, bàbá ni ó ran àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Dókítà Mayo kú ní ọdún 1911. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ìbéèrè
1. Kí ni Dókítà Mayo ṣe kí ó lè ra awò?
2. Níbo ni wọ́n tẹ́ àwọn tí ìjì ṣe léṣe sí?
3. Ta ni ó mú ọ̀bẹ nígbà iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́? Kí ni bàbá rẹ̀ ṣe?