Bíṣọ́ọ̀bù Tí Kò Dé Dàhọ̀mì: Ìgbésí Ayé Melchior de Marion Brésillac

Ní ọdún jùbílì yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ ni yóò máa jáde lẹ́nu wa. A ó dárúkọ àwọn fadá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Ìhìnrere wá sí agbègbè Ṣábẹ, àwọn katikíìsì tí wọ́n kọ́ àwọn òbí wa ní àmì àgbélébùú, àti àwọn ìyá tí wọ́n pọn omi nígbà tí a ń mọ ògiri ilé Ọlọ́run. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí àwa ará Bessé kì í sábà dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni odò tí a ń mu ti ṣàn wá. Bóyá ohun tí ó fà á ni pé kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Ó fẹ́ wá. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun wá. A kò gbà fún un, ó sì tẹrí ba. Ìtàn ìtẹríba náà ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1813 ni a bí Melchior de Marion Brésillac ní Castelnaudary, ìlú kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé wọn, àmọ́ rúkèrúdò ńlá tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé ní 1789 ti gba púpọ̀ nínú ohun ìní wọn. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà tí ó ń bójú tó odò àfọwọ́gbẹ́ tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá ní agbègbè náà. Bàbá yìí fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé nínú ilé. Melchior ni àkọ́bí. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ìdánwò àkọ́kọ́ ti wá.

Wọ́n fi í jẹ alùfáà ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1838, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ìjọ ìlú tí a bí i sí. Inú ilé dùn. Alùfáà ni, ó wà nítòsí, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ń rí i. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ó ní ọkàn òun ń fà sí àwọn orílẹ̀-èdè tí a kò tíì wàásù Kristi fún. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí àkọ́bí ọkùnrin kẹ̀yìn sí ilé bàbá rẹ̀ láìgba ìre. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ òfin kẹrin, èyí tí ó ní kí á bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Ó mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún. Ó dúró títí bíṣọ́ọ̀bù fi yọ̀ǹda rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ìhìnrere fún ilẹ̀ òkèèrè ní Paris, ní ọdún 1841. Ó fi ẹkún bàbá rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, nítorí pé òun kò lè gbé e.

Íńdíà ni a rán an lọ. Ó gúnlẹ̀ sí Pondicherry ní oṣù Keje ọdún 1842, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fi í ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí ń bọ̀ wá di alùfáà. Níbẹ̀ ni ohun kan ti gbà á lọ́kàn tí kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú: kí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ máa di alùfáà, kí wọ́n sì máa darí Ìjọ ilẹ̀ wọn. Lónìí, ta ni yóò jiyàn ọ̀rọ̀ yìí? Ní àkókò tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òjíṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n rò pé ọmọ ilẹ̀ lè ran àlejò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sí àga olórí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1846 ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, tí a sì fi agbègbè Coimbatore lé e lọ́wọ́. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Wàhálà tí ó bá pàdé ní Coimbatore kò kéré. Àwọn ará Íńdíà pín ara wọn sí ìpele-ìpele láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a sì rí àwọn tí àwọn yòókù kì í fara kàn, tí wọn kì í bá jẹun, tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ àní nínú ilé Ọlọ́run pàápàá. Àwọn òjíṣẹ́ Ìhìnrere kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí èyí tí a lè fàyè gbà nínú àwọn àṣà náà àti èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ̀. Ẹ̀rí ọkàn Brésillac kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó kọ̀wé sí Rọ́òmù léraléra pé kí wọ́n la ọ̀nà kan tí kò ní ẹ̀tàn fún gbogbo wọn. Ìdáhùn tí ó ń retí kò dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ míràn sì ń wò ó bí ẹni tí ń da omi àlàáfíà rú. Nígbà tí ó rí i pé òun kò lè pàṣẹ ohun tí ọkàn òun kò dá lójú, ó lọ sí Rọ́òmù, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a gba ipò náà lọ́wọ́ òun. Ní 1855 ni a gba ìbéèrè rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé sísá ni ó sá. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sá kì í lọ sí ibi tí ó le ju ibi tí ó ti kúrò. Bíṣọ́ọ̀bù tí kò tíì pé ọdún méjìlélógójì, tí ó ní ìmọ̀ àti orúkọ rere, ì bá jókòó sí Faransé kí ó sì máa jẹ ọlá rẹ̀. Dípò èyí, ohun tí ó bèèrè lọ́wọ́ Rọ́òmù ni pé kí a rán òun lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ní Áfíríkà. Ibi tí ó sì tọ́ka sí ni Dàhọ̀mì. Ní 1856, ó kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìròyìn ibẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Régis, oníṣòwò ará Marseille tí ó ń ra epo pupa ní Ouidah.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Fún àwọn baba ńlá wa ní Ṣábẹ, kí ni Dàhọ̀mì jẹ́ nígbà náà? Ogun ni. Àwọn ọmọ ogun Abomey ni wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú ní ilẹ̀ Ṣábẹ àti Kétu. Àwọn náà ni wọ́n dojú kọ Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, àwọn ni wọ́n sì pa Kétu run ní 1886. Ìjọba tí àwọn ará wa ń sá fún ni àlejò yìí ń fẹ́ wọ̀.

Rọ́òmù dáhùn pé òun nìkan kò lè dá iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Kí ó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí iṣẹ́ náà má baà kú pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ó ní lọ́kàn nìyẹn. Ó gbà. Ó kiri àwọn ìlú Faransé, ó ń wàásù, ó ń wá owó, ó ń wá ènìyàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856, ọjọ́ Àìlábàwọ́n Màríà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ díẹ̀ gun òkè Fourvière ní Lyon, wọ́n sì fi ara wọn fún Ọlọ́run lẹ́sẹ̀ Ìyá wa fún iṣẹ́ Áfíríkà. Báyìí ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí SMA ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ènìyàn ti wà tí owó sì ti ń wọlé, ó retí Dàhọ̀mì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1858 ni àṣẹ jáde: kì í ṣe Dàhọ̀mì, Sàró ni. Brésillac kò dákẹ́ bí ẹni tí kò ní ìfẹ́ inú. Ó ti rò ó, ó ti wí i, ó ti ṣàlàyé ìdí tí Dàhọ̀mì fi dára jù lójú rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn tí ó ní àṣẹ ti sọ̀rọ̀, ó di ẹrù rẹ̀ fún Sàró.

Ibí yìí ni ó yẹ kí á ti mọ ìyàtọ̀. Àwa Yorùbá a máa sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn, a ó sì káwọ́ lẹ́rán, a ó máa pè é ní ìfẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tí ó káwọ́ lẹ́rán kò tíì fi nǹkan kan fún Ọlọ́run, nítorí pé kò di nǹkan kan mú tẹ́lẹ̀. Olúwa wa nínú ọgbà Gẹtisémánì pàápàá sọ ohun tí ó fẹ́ fún Baba kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Dàhọ̀mì ni ohun tí Brésillac dì mú, kò sì sí ohun míràn tí ó fẹ́ tó o; ìyẹn gan-an ni a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ṣíwájú rẹ̀ dé Freetown ní oṣù Kìíní ọdún 1859: Fadá Reymond, Fadá Bresson àti Bùrọ́dà Eugène. Òun fúnra rẹ̀ dé ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, pẹ̀lú Fadá Riocreux àti Bùrọ́dà Gratien. Àrùn ibà burúkú ń jà ní ìlú náà. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé wọn wá kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní èbúté, àwọn ènìyàn tí a rán an sí sì ń kú. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, Fadá Riocreux kú. Ní ọjọ́ 5, Fadá Bresson. Ní ọjọ́ 13, Bùrọ́dà Gratien. Ní ọjọ́ 25, bíṣọ́ọ̀bù náà kú lẹ́ni ọdún márùn-úndínláàádọ́ta. Ọjọ́ méjìlélógójì péré ni ó lò ní Áfíríkà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Fadá Reymond náà sùn. Nínú gbogbo àwọn tí ó lọ sí Sàró, Bùrọ́dà Eugène nìkan ni ó yè é.

Kí ni ènìyàn yóò sọ sí irú èyí? Kò sí ilé ìjọsìn kan tí ó kọ́ sí Áfíríkà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn alùfáà tí ó ti ń lá láti Íńdíà kò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìtàn náà dé ibẹ̀ tí ó sì pa ìwé dé yóò ní òfò ni. Àwọn ènìyàn ní Lyon náà sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó kù nílé ni Fadá Augustin Planque, tí Brésillac fi ṣọ́ ẹgbẹ́ náà. Ó lọ bá Póòpù Pius Kẹsàn-án, póòpù sì gbà á níyànjú pé kí iṣẹ́ náà má dúró. Ó darí ẹgbẹ́ náà títí ó fi kú ní 1907. Òun náà ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn sístà Ìyá wa ti àwọn Àpọ́sítélì sílẹ̀ ní 1876. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1860, ó lé díẹ̀ ní ọdún kan tí a sin Brésillac, Rọ́òmù fi Dàhọ̀mì lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí a fi dù ú láàyè ni a fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Fadá mẹ́ta ni wọ́n gbéra ní oṣù Kìíní ọdún 1861: Borghero ará Ítálì, Fernandez ará Sípéènì, àti Edde ará Faransé. Edde kú ní Freetown kan náà lójú ọ̀nà. Àwọn méjì yòókù gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin. Láti etí òkun ni iṣẹ́ náà ti gòkè díẹ̀díẹ̀, tí ó dé Èkó, tí ó dé Abẹ́òkúta, tí ó sì gun àwọn òkè tiwa.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1928, ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà, a fi ọmọ Dàhọ̀mì àkọ́kọ́ jẹ alùfáà. Thomas Mouléro ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kétu ni, èdè wa ni a fi tọ́ ọ. Ìlú tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ túútúú ni Ọlọ́run ti mú alùfáà àkọ́kọ́ fún Dàhọ̀mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bernardin Gantin di bíṣọ́ọ̀bù, tí ó di olórí Ìjọ ní Cotonou ní 1960, tí a sì fi í jẹ Kádínà ní 1977. Ní 1995 ni a dá dáyósíìsì Dassa-Zoumé tiwa sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Póòpù Francis fọwọ́ sí i pé kí a máa pe Melchior de Marion Brésillac ní Ẹni Ọ̀wọ̀. Kí Ìjọ tó lè kà á mọ́ àwọn Alábùkún, iṣẹ́ ìyanu kan ni a ń retí nípasẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní aláìsàn nílé ní Bessé, tí ó sì ti gbàdúrà títí tí ó rẹ̀ ẹ́, lè bẹ bíṣọ́ọ̀bù tí kò rí ilẹ̀ wa yìí kí ó bá a sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ni ìrántí ikú rẹ̀.