D. O. Fágúnwà: ìgbésí ayé òǹkọ̀wé tó jẹ́ ká mọ ohun tí ìtàn àròsọ jẹ́

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní Adja-Ouèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá Fágúnwà fúnra rẹ̀ wọ Igbó Irúnmọlẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan ní òun gbà pé ó wọ̀ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí òun kò fi fẹ́ kí ìwé náà wọ ilé òun. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́, tí mo kàwé ní èdè Faransé títí dé yunifásítì, mọ orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ẹ̀yà ìtàn kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà, n kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo lè fi dá bàbá lóhùn. Ìdáhùn mi nìyí.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òde òní ní Nàìjíríà. Oròwọlé ni ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwa tí a ń gbọ́ ohùn Orò ní agbègbè wa mọ irú ilé tí orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Fágúnwà tó jẹ́ orúkọ ìdílé sì ń tọ́ka sí Ifá. Àwọn òbí rẹ̀ gba ẹ̀sìn Kristi, òun náà sì di Daniel. Nígbà tó yá, ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò Oròwọlé. Orò àti Bíbélì ni wọ́n jọ tọ́ ọ dàgbà, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú ìwé rẹ̀.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. Luke's ní ìlú rẹ̀. Láti 1926 sí 1929, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ náà ló ti wá ń kọ́ àwọn ọmọdé títí di 1939. Ní 1936, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀, olùkọ́ yìí sì kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. I. B. Thomas ti sọ ìtàn Sẹ̀gilọlá di ìwé ní Èkó ṣáájú rẹ̀, ní 1930, ṣùgbọ́n ìwé Fágúnwà ló wọ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìdáná jùlọ.

Ìtàn àròsọ ni ìwé náà. Ohun tí ènìyàn rò tó sì sọ ni àròsọ, bí àlọ́ tí ìyá àgbà ń pa fún wa lálẹ́ lẹ́yìn oko. Kò sí ẹni tó máa ń wá Ìjàpá lọ sí ọjà Ikpinlè láti bi í bóyá lóòótọ́ ló jalè. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé òótọ́ wà nínú àlọ́ náà.

Òǹkọ̀wé ni Fágúnwà, olùkọ́ tó jókòó sí Ọ̀yọ́ tó ń fi gègé kọ̀wé. Asọ̀tàn ni ẹni tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìwé. Nínú Ògbójú Ọdẹ, asọ̀tàn méjì la bá pàdé. Ẹnì kan jókòó ní òwúrọ̀, arúgbó kan wá bá a, ó ní kó mú ìwé àti gègé kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Arúgbó náà, Àkàrà-oògùn, ló wá sọ bí òun ṣe wọ igbó. Kì í ṣe Fágúnwà ló wọ̀ ọ́. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa: ọkùnrin ló wà lábẹ́ igi náà, obìnrin ni ojú tó gbé sórí, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé ọkùnrin náà ti di ìyàwó ilé. Ẹni tó wà lábẹ́ igi ni òǹkọ̀wé, ojú tí a ń wò ni asọ̀tàn.

Ẹ̀dá ìtàn ni gbogbo ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú ìtàn, Àkàrà-oògùn sì ni olú ẹ̀dá ìtàn. Bí òǹkọ̀wé ṣe ń jẹ́ ká mọ ìwà wọn là ń pè ní ìfìwàwẹ̀dá. Orúkọ ni Fágúnwà fi ń ṣe é nígbà púpọ̀: Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ sì ni akọrin. Ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ni ibùdó ìtàn, ìyẹn Igbó Irúnmọlẹ̀ àti ọ̀nà Òkè Lángbòdó. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe ń bí òmíràn ni àhunpọ̀ ìtàn: ọdẹ dá wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì, ọba gbọ́ òkìkí rẹ̀, ó sì rán òun àti àwọn akọni mìíràn sí Lángbòdó. Ohun tí gbogbo rẹ̀ dá lé ni kókó ìtàn. Àwọn akọni náà lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ Ìrágbèje, ọgbọ́n nípa ìwà ni wọ́n sì gbọ́ níbẹ̀.

Fágúnwà kò dúró síbẹ̀. Ó gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó sì kọ Ìrìnàjò nípa rẹ̀. Ìwé yẹn kì í ṣe àròsọ, nítorí níbẹ̀ òun gan-an ló rin ìrìn náà. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké-Oníbùdó jáde ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954. Nínú Àdììtú Olódùmarè ti 1961, ìṣẹ́ inú ilé àti ìfẹ́ Àdììtú sí Iyùnadé gba àyè tó pọ̀ ju iwin lọ.

Oṣù Kejìlá 1963 ni omi gbé e lọ ní apá Àríwá Nàìjíríà, nígbà tó rin ìrìnàjò iṣẹ́ fún ilé ìtẹ̀wé Heinemann. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Àwọn kan ní iwin ló mú un. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀: ó hun àròsọ rẹ̀ dáadáa débi pé wọn kò lè yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, ẹbí rẹ̀ sunkún rẹ̀ bí a ṣe ń sunkún òkú. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 ló yà wá kúrò lára ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń ka ìwé yìí. Àwọn ọmọ wa lè tú ìtàn Faransé palẹ̀ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa pe ẹ̀yà àlọ́ ìyá wọn. Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìwé náà wọlé. Kò sí iwin nínú rẹ̀ ju èyí tó wà nínú àlọ́ tí ẹ̀yin náà pa fún wa lọ. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá mọ àlọ́ wá pa á, ká jọ wá asọ̀tàn rẹ̀, ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ àti kókó rẹ̀ ní èdè wa.