Oppenheimer: Àna, Ọ̀rẹ́ àti Àṣírí Ìjọba

Ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́ níbi tí ìjọba ń pa àṣírí mọ́ sí, wọn a kọ́kọ́ wádìí rẹ̀ bí àwọn baba wa ti máa ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ. Ta ni ìyàwó rẹ̀? Níbo ni wọ́n ti bí i? Àwọn wo ni àbúrò rẹ̀ ń bá rìn? Owó rẹ̀ ńkọ́, ilẹ̀ òkèèrè wo ni ó ń lọ? Bí ìwádìí yìí bá yọrí sí rere, wọn a fún un ní ìwé àṣẹ. Ìwé yìí ni ó gbé J. Robert Oppenheimer ga, òun náà ni wọ́n sì fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

New York ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, ọdún 1904. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni baba rẹ̀, ẹni tí ó di olówó nídìí òwò aṣọ ní Amẹ́ríkà. Ní Göttingen, ní Jámánì, ni Oppenheimer ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fìsíìsì ní 1927. (Ẹ wo ọjọ́ orí àwa tí a ṣì ń wá oyè àkọ́kọ́!)

Nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Sípéènì, láti 1936 títí di 1939, ó ń dáwó fún àwọn tí ń bá Franco jà, àwọn Kọ́múníìsì ni ó sì ń bá a fi owó náà ránṣẹ́. Ní 1940, ó fẹ́ Kitty, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Jámánì. Kitty ti ṣe Kọ́múníìsì rí. Ojú ogun Sípéènì yìí kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọkọ rẹ̀ ìṣáájú kú sí. Frank, àbúrò Oppenheimer, àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Oppenheimer fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò wọ ẹgbẹ́ náà rí.

Kò sí ohun tí ó fara sin nínú gbogbo èyí. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ ọ́n, wọn kò sì fẹ́ fún un ní ìwé àṣẹ nígbà tí ó di olórí iṣẹ́ àdó olóró átọ́míìkì ní Los Alamos. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí Ọ̀gágun Groves rò pé ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, 1943, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fún un kíá, ohun yòówù kí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ju àdó náà sí Hiroshima àti Nagasaki. Ní 1947, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀ràn átọ́míìkì tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan.

Nígbà tí ó di 1949, Oppenheimer lòdì sí ṣíṣe àdó háídírójìn, tí agbára rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti dì í sínú, Lewis Strauss sì ni àgbà wọn. Ní oṣù kejìlá 1953, Strauss, tí ó ti di alága ìgbìmọ̀ náà, ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí kí ó wá rojọ́. Ó yàn láti rojọ́.

Wọ́n tú gbogbo ẹrù àtijọ́ palẹ̀: owó Sípéènì, àbúrò, ìyàwó. Kitty alára jókòó síwájú wọn, ó ń dáhùn ìbéèrè nípa ọkọ tí ó ti kú láti 1937. Groves tí ó pàṣẹ ní 1943 wá jẹ́rìí pé lábẹ́ òfin ti 1954, òun kò ní fún un ní ìwé náà.

N kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá o. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Haakon Chevalier, ti sọ fún un ní 1943 pé ọ̀nà kan wà tí ìmọ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà. Ó kọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó fi tó ìjọba létí, nígbà tí ó sì sọ ọ́, ó pa irọ́ mọ́ ọn. Lójú tèmi, èyí nìkan ni ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ti mọ èyí náà tipẹ́.

Àwọn mẹ́ta tí ó gbọ́ ẹjọ́ gbà pé kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Síbẹ̀ méjì nínú wọn ní kí wọ́n má dá ìwé rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1954, ìgbìmọ̀ átọ́míìkì fọwọ́ sí i, ẹni mẹ́rin sí ẹnì kan. Ọjọ́ kan péré ni ó kù kí ìwé àṣẹ náà parí fúnra rẹ̀.

Ìjọba fún un ní ẹ̀bùn Fermi ní 1963, ṣùgbọ́n wọn kò dá ìwé náà padà. Àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni ó pa á ní Princeton, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, 1967. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, 2022, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó jogún iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà fagi lé ìdájọ́ 1954. Kitty náà ti kú ní 1972, Frank ní 1985.