Orlando Martins, ọmọ Òkè Sùnà tó fi wákàpáàsì jẹun ní London

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Abúlé Ẹ̀gbá gbé ìwé àdéhùn kan wá, ó ní kí n bá òun kà á. Òṣèré ni. Kì í ṣe irú àwọn tí ẹ máa ń rí àwòrán wọn lára pósítà o, àwọn tá à ń pè ní wákàpáàsì ni. Ó ti ṣe mégáàdì, ó ti ṣe ọlọ́pàá, ó ti ṣe òkú rí. Ní báyìí, àwọn òyìnbó kan tó ń ya fíìmù fẹ́ kó ṣe ọ̀kan nínú àwọn jàǹdùkú tó máa gbé ìbọn dání, gbólóhùn méjì péré ló máa sọ. Owó ibẹ̀ dáa. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ìyá ẹ̀ máa wò ó. Mo ka ìwé náà tán, mo ṣàlàyé èyí tó jẹ mọ́ òfin fún un, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ Orlando Martins nilẹ̀ ṣú wa sí.

Kò gbọ́ orúkọ náà rí. Mi ò bá a wí, èmi náà ti gboyè lọ́yà kí n tó gbọ́ ọ.

Emmanuel Alhandu Martins ni wọ́n sọ ọ́. Òpópónà Òkè Sùnà l'Ékòó ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1899. Ẹni tó bá mọ Èkó dáadáa, tó bá gbọ́ Martins, ó ti mọ̀ pé ilé Àgùdà ló ti jáde. Ó lọ sí Eko Boys' High School, kò parí ẹ̀. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó dé Ìlú Ọba, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò, nígbà tí ogun sì parí, London ló jókòó sí.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n nínú sinimá. Ó ja ìjàkadì fún owó, Black Butcher Johnson lorúkọ tí wọ́n fi ń pè é sójú agbo. Ó bá àwọn onísákọ́ọ̀sì Sanger gbé ejò ṣeré. Ó bá wọn dúró lórí ìtàgé àwọn oníjó Rọ́ṣíà ti Diaghilev. Nígbà tí eré Show Boat ń lọ káàkiri, ó wà nínú àwọn elégbè. Lọ́dún 1926, nígbà tí sinimá ò tíì máa sọ̀rọ̀, ó fara hàn nínú If Youth But Knew. Ara rẹ̀ tó ga, tó fẹ̀, ni wọ́n ń sanwó fún. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè ṣe nǹkan mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Lọ́dún 1935, wọ́n ya Sanders of the River, ìtàn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan tó ń tọ́ àwọn adúláwọ̀ sọ́nà bí ẹni ń tọ́ ọmọdé. Nàìjíríà wa níbí ni wọ́n sì ní ó ti ṣẹlẹ̀! Paul Robeson, gbajúmọ̀ olórin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló ṣe Bosambo. Martins ní ipa kékeré kan níbẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n kó wá dúró bí ará ìlú ni Jomo Kenyatta wà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá owó oúnjẹ nígbà náà. Nígbà tí fíìmù jáde, Robeson rí i pé wọ́n ti fi iṣẹ́ òun gbé ìjọba amúnisìn ga, ó bínú, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó máa ṣe Song of Freedom lọ́dún 1936, ó ti jẹ́ kó wọnú àdéhùn pé òun ló máa fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe máa gé e.

Èyí gan-an ni mo fi han ọmọ àdúgbò mi. Robeson lè béèrè irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé orúkọ ẹ̀ ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wákàpáàsì wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní pe ẹlòmíì wọlé? Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí kámẹ́rà bá fi wà lójú ẹ ni tìẹ, àwọn tó ni fíìmù ló ni ìyókù.

Lọ́dún 1936 yẹn náà, ọmọ Trinidad kan, C. L. R. James, kọ eré lórí Toussaint Louverture, ẹrú tó di ọ̀gágun ní Haiti. Robeson ṣe Toussaint, Martins ṣe Boukman, ẹni tó kó àwọn ẹrú dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ṣe eré yẹn ní Westminster Theatre. Sanders ní tiẹ̀ káàkiri ayé.

Lẹ́yìn ogun kejì ni ipa tó tóbi díẹ̀ wá. Nínú Men of Two Worlds, lọ́dún 1946, òun ni Magole, oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ń bá àwọn tó fẹ́ kó ará abúlé kúrò níbi tí àrùn oorun wà fa wàhálà. Wọ́n kọ ọ́ kí ayé lè kórìíra ẹ̀ ni. Èmi wò ó, mo rí àgbà kan tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gba ìlú lọ́wọ́ òun.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa wo ẹyọ kan, ẹ wo The Hasty Heart ti 1949. Ó ti kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní London lọ́dún 1945. Ilé ìwòsàn ológun ni, níbi ogun Bọ́mà táwọn bàbá wa àgbà náà lọ. Blossom ni Martins ń jẹ́ níbẹ̀, sójà Basuto tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò mọ̀ ju orúkọ ara ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní London fún ọgbọ̀n ọdún! Sójà ará Scotland kan, Lachie, fẹ́ kú láìmọ̀. Dókítà ti sọ fún àwọn yòókù, wọ́n wá ń ṣìkẹ́ ẹ. Nígbà tí Lachie mọ̀ ọ́n, ó ní àánú lásán ni gbogbo ẹ̀, ó kọ gbogbo wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí Blossom fẹ́ fún un náà, ó kọ̀ ọ́. Àfìgbà tó yé e pé Blossom ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ikú ń bọ̀. Nílé ẹjọ́, irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ là ń wá, ẹni tí wọn ò lè kọ́ lẹ́nu. Orí odi yẹn ni gbogbo ìtàn náà dúró lé, Martins sì fi ojú àti ọwọ́ lásán gbé e.

Mi ò ní tìtorí ìyẹn gbèjà Simba. 1955 ni, ìjà Mau Mau ní Kenya, ojú àwọn òyìnbó olóko ni wọ́n sì fi wò ó. Martins ṣe baálẹ̀ níbẹ̀. Kenyatta tí wọ́n jọ wà nínú Sanders ti wà lẹ́wọ̀n nígbà yẹn, ẹjọ́ Mau Mau yìí kan náà ni wọ́n dá fún un. Ó ká mi lára. Ṣùgbọ́n mo wo ohun mìíràn tí wọ́n gbé wá fún un lọ́dún náà àtèyí tó tẹ̀ lé e, Safari ni mo rí, Mau Mau náà ni.

Nígbà tí Mister Moses tí wọ́n yà ní Kenya fi máa jáde lọ́dún 1965, níbi tí Martins tún ti jẹ́ baálẹ̀, Kenyatta ti di ààrẹ ibẹ̀.

Nígbà yẹn, ó ti padà sílé. 1959 ló kó wá sí Èkó, ọdún tí The Nun's Story jáde, tó bá Audrey Hepburn ṣe, àti Sapphire, níbi tó ti ń ta ọtí lásán. Nígbà tí wọ́n ya Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká, tó jáde lọ́dún 1970, òun náà wà níbẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ló kú, l'Ékòó. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú Blossom nínú The Hasty Heart, Ronald Reagan, ni ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà.

Ọmọ àdúgbò mi ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá òun lè fi Yorùbá sọ gbólóhùn kejì. Wọn ò tíì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n láti àná ni mo ti ń gbọ́ ọ lójúde, tó ń sọ ọ́, tó tún ń sọ ọ́.