Sourou Migan Apithy: ọmọ Àjàṣẹ́ tí àsìkò rẹ̀ kò yí kàn

Ẹ̀yin ará ilé wa, bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbàlagbà ní Àjàṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá délẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi dárúkọ Apithy. Àwọn kan á máa yìn ín bí ẹni pé àná ló kú. Àwọn mìíràn á mi orí, wọ́n á ní òun àti àwọn méjì yòókù ni wọ́n jọ da ọbẹ̀ Dahomey nù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń gbọ́ wọn kì í sábà mọ̀ ju orúkọ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin yìí lónìí, ibi tí ó dára níbẹ̀ àti ibi tí kò dára.

Joseph Sourou Migan Apithy ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1913 ni wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́. Ègùn ni, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé Ègùn àti Yorùbá ti jọ ń gbé ìlú yìí pẹ́, tí a jọ ń fẹ́ra, tí a sì ń gbọ́ èdè ara wa? Kódà Sourou tí wọ́n sọ ọ́, sùúrù náà ni: bí Ègùn ṣe ń pè é ni Yorùbá náà ń pè é. Migan ní tirẹ̀, orúkọ oyè ìjòyè ńlá ni láàfin ọba. Ẹ fi orúkọ Sourou yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ilé-ìwé àwọn Fadá ló lọ nígbà èwe. Fadá Francis Aupiais, ará Faransé tí ó fẹ́ràn àṣà wa tí ó sì ń kọ nípa rẹ̀, wà lára àwọn tí ó tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tó yá, Apithy kọjá sí ìlú Faransé. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òṣèlú ní Paris, ó sì di oníṣirò owó. Ẹni tó mọ ìwé ni, ẹni tó sì mọ bí a ṣe ń ka owó ìjọba. Ìyẹn kò pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Dahomey nígbà náà.

Ọdún 1945 ni ọ̀nà ṣí. Ogun Hitler ti parí, ìjọba Faransé sì gbà pé kí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà rán aṣòfin wá sí Paris láti bá wọn ṣe òfin tuntun. Aṣòfin yẹn ni àwa níbí ń pè ní dépíté. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀: àwọn tí ó jẹ́ ọmọ Faransé nínú òfin dìbò lọ́tọ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n fún láyè láti dìbò náà ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Wọ́n da Dahomey àti Tógò pọ̀. Fadá Aupiais wọlé ní apá kìíní, Apithy, ọmọ ọdún 32, wọlé ní apá kejì. Ó ṣeni láàánú pé Fadá kú ní oṣù kejìlá ọdún náà. Bí Apithy ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣòfin láìsí ẹni tí ó tọ́ ọ sọ́nà nìyẹn.

Ní Paris, ó bá àwọn ènìyàn ńlá pàdé: Félix Houphouët-Boigny láti Côte d'Ivoire, Léopold Sédar Senghor àti Lamine Guèye láti Senegal. Àwọn aṣòfin Áfíríkà kò pọ̀ nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó lásán. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946, òfin jáde tí ó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, òmíràn jáde tí ó sọ gbogbo ọmọ ilẹ̀ abẹ́ Faransé di ọmọ-ìlú. Lónìí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Àmọ́ ẹ bi àwọn tí wọ́n kó bàbá wọn lọ la ọ̀nà ọkọ̀ láìgba kọ́bọ̀, wọ́n á sọ ohun tí ó jẹ́ fún yín. Apithy wà nínú ilé ìgbìmọ̀ yẹn nígbà tí àwọn òfin wọ̀nyí kọjá, àwọn ará ilé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ RDA sílẹ̀ ní Bamako, Apithy sì di ọ̀kan lára àwọn igbákejì ààrẹ rẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń bá àwọn kọ́múníìsì ilẹ̀ Faransé rìn, ó sì fi í sílẹ̀ ní 1948. Ẹ óò rí i pé kì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo ni ó wọ àjọṣe tí ó sì tún jáde.

Nílé, ẹgbẹ́ UPD ló kọ́kọ́ kó gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé Dahomey jọ. Àárín wọn gún díẹ̀. Ní 1951, wọ́n fi àga aṣòfin kan kún ti tẹ́lẹ̀, ó di méjì. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣíwájú nínú orúkọ tí ẹgbẹ́ máa gbé kalẹ̀ ló fa ìjà, ẹgbẹ́ sì fọ́. Apithy dá dúró, ó wọlé. Hubert Maga, olùkọ́ láti apá àríwá, gba àga kejì. Apithy dá ẹgbẹ́ PRD sílẹ̀. Nígbà tí Justin Ahomadégbé, ọmọ ìdílé ọba Abomey, gbé UDD jáde ní 1955, ó di mẹ́ta: Maga ní àríwá, Ahomadégbé ní Abomey àti àyíká rẹ̀, Apithy ní gúúsù ìlà-oòrùn, láàárín àwọn Ègùn àti àwa Yorùbá, láti Àjàṣẹ́ títí dé Ìtakété àti Ìpòbẹ́.

Àwọn àgbà sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, bí àwọn ààrò bá dúró sójú kan. Àwọn mẹ́ta yìí kò dúró. Méjì á jọ dì mọ́ra láti yọ ẹnì kẹta, tó bá di ọ̀la, ẹni tí wọ́n yọ á bá ọ̀kan nínú wọn dì mọ́ra láti yọ èkejì. Báyìí ni òṣèlú Dahomey ṣe rí fún ọdún bí ogún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó dára tán ná. Ní 1956, Apithy di mẹ́ẹ̀ ìlú Àjàṣẹ́. Ní 1957, tí gbogbo àgbàlagbà ọkùnrin àti obìnrin ti lè dìbò, PRD gba àga 35 nínú 60 ní ilé ìgbìmọ̀ Dahomey, òun sì ni olórí àwọn mínísítà. Nígbà tí Dahomey di Repúblíìkì ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá 1958, òun náà ló wà nípò olórí ìjọba. Ọmọ Àjàṣẹ́ ló kọ́kọ́ joyè yẹn!

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Federation Mali dé. Senegal àti Soudan, ìyẹn Mali òní, fẹ́ kí àwọn ilẹ̀ mélòó kan parapọ̀. Àwọn aṣojú Dahomey lọ sí Dakar ní oṣù kìíní 1959. Apithy rò ó wò, ó fà sẹ́yìn. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: ọjà Dahomey kì í lọ sí Dakar, Niger àti Nàìjíríà ló ń lọ, Dahomey sì ń fẹ́ kí Faransé bá a kọ́ èbúté Kútọnù. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú, wọ́n kúrò. Títí dòní wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àmọ́ Federation yẹn kò pé ọdún méjì tó fi túká.

Ìbò oṣù kẹrin 1959 ló ṣẹ́ ẹ lápá. Nígbà tí wọ́n kéde èsì, PRD ní àga 37, ẹgbẹ́ Maga ní 22, UDD ní 11 péré. Bẹ́ẹ̀ UDD ló ní ìbò tó pọ̀ jù lọ! Bí wọ́n ṣe pín agbègbè ìdìbò ló fà á. Ìlú gbóná, àwọn ènìyàn jáde sí ìgboro. Níkẹyìn wọ́n mú àga mẹ́sàn-án nínú ti PRD fún UDD. Apithy tó ní 37 wá ku 28, Maga àti Ahomadégbé sì jọ ṣọ̀kan. Lóṣù karùn-ún, Maga di olórí ìjọba.

Kí ni Apithy ṣe? Ó yí padà sọ́dọ̀ Maga. Lẹ́yìn òmìnira ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960, àwọn méjèèjì jọ gbé ẹgbẹ́ kan dìde, wọ́n sì gba gbogbo àga 60 nínú ìbò oṣù kejìlá. Bí ìdámẹ́ta ìbò ni UDD ní, àmọ́ kò rí àga kan. Maga di Ààrẹ, Apithy di igbákejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fòfin de UDD, wọ́n sì ju Ahomadégbé sẹ́wọ̀n. Ìgbà kan ti wà tí Apithy jẹ́ ohùn àwọn tí kò lóhùn ní Paris. Nígbà tí ìjọba tí òun náà wà nínú rẹ̀ pa ohùn ẹlòmíràn mọ́, kò jà fún un. Ìyẹn wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, a kò lè yọ ọ́.

Ní 1963, wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan aṣòfin kan láti agbègbè Ìtakété. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ààbò ipò wọn tú u sílẹ̀. Àjàṣẹ́ ni ìwọ́de ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Kútọnù. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, ọ̀gágun Christophe Soglo gbàjọba. Oṣù kìíní 1964, Apithy di Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ahomadégbé, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láná, di igbákejì rẹ̀ àti olórí ìjọba.

Ọba méjì kì í gbé inú ààfin kan. Òfin kò pààlà iṣẹ́ wọn dáadáa, olúkúlùkù ń fa agbára sọ́dọ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ́ olórí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló wá dá ìjà gidi sílẹ̀ ní 1965. Ní òpin oṣù kọkànlá, Soglo ní kí àwọn méjèèjì kúrò. Apithy gba Paris lọ. Kò tíì pé ọdún méjì tó jókòó sórí àga tí ó ti ń lépa láti ogún ọdún.

Ní 1970, wọ́n tún pe gbogbo wọn wá díje. Ìbò ń lọ láti agbègbè dé agbègbè, Maga ló ń ṣíwájú, ni àwọn ológun bá dá a dúró. Ìlú fẹ́ pín. Apithy náà sọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí àwa Yorùbá gbàgbé: ó halẹ̀ pé agbègbè òun máa lọ dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Oṣù díẹ̀ péré ni ogun Biafra parí nígbà yẹn o! Àwọn mìíràn lára wa ní ẹbí ní Bàdágírì àti Èkó, ọ̀rọ̀ náà lè dùn létí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta ni ì bá ṣàn? Tiwa ni.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, wọ́n fẹnu kò sí Ìgbìmọ̀ Ààrẹ: ènìyàn mẹ́ta, ọdún méjì méjì. Maga kọ́kọ́, Ahomadégbé tẹ̀ lé e, Apithy kẹ́yìn. Maga lo tirẹ̀ tán ní 1972, ó gbé e fún Ahomadégbé. Apithy, ọlọ́jọ́ sùúrù, ń dúró de 1974.

Kò dé 1974. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, Mathieu Kérékou àti àwọn sójà rẹ̀ gbàjọba. Wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àhámọ́. Inú ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Dahomey di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Ọdún 1981 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Apithy padà sí Paris, ó sì kú ní 1989. Ó ku oṣù díẹ̀ kí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní oṣù kejì 1990. Maga àti Ahomadégbé lọ síbẹ̀. Ààrò kẹta nìkan ni kò sí ńbẹ̀.

Kí la fẹ́ sọ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tó lè sọ pé Àjàṣẹ́ kọ̀ ọ́. Láti 1945 títí dé 1970, ilé ń dìbò fún un. Ohun tó gbé e ga nìyẹn, ohun tó sì há a mọ́ náà nìyẹn, torí kò rí ọ̀nà tí Parakou tàbí Abomey yóò fi rí i bí tiwọn. Kì í ṣe òun nìkan, àwọn méjì yòókù náà kò yàtọ̀. Àwa tí a sì ń dìbò wà níbẹ̀: a ń yan ọmọ wa, a kì í bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn.

Lónìí, Àjàṣẹ́ ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bẹ̀nẹ̀ ti ń jókòó. Bí ìbò bá tún dé, tí dépíté bá wá kí wa ní èdè wa, tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ kí i dáadáa o. Àmọ́ ẹ bi í pé kí ni yóò wí nígbà tó bá dé iwájú àwọn tí kò gbọ́ èdè wa. Ìbéèrè tí àwọn bàbá wa kò bi Apithy nìyẹn.